Ẹ Gbórí Lé Tábìlì: Iṣẹ́ Tí Mo Fi Ayé Mi Ṣe

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń yẹ iṣẹ́ wò báyìí bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà, tí ẹ ń tẹ èyí wò, tí ẹ ń gbé ìyẹn wò, ẹ jẹ́ kí n sọ ti tèmi fún yín. Tíṣà ni mí. Mo lo ọdún méjìlélógún nínú kíláàsì l'Ágége. Lẹ́yìn náà, mo lo ọdún mẹ́wàá ní Ìkẹjà nínú yàrá tí kò ní pátákó, tí kò ní ṣọ́ọ̀kì, tí olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò sì sí nílẹ̀ rárá. Inú kọ̀ǹpútà ni ẹ̀kọ́ ti ń wá. Bí ẹ bá ní kí n sọ ohun tí mo ṣe gan-an ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, gbólóhùn kan ti tó: mo ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n gbórí lé tábìlì. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Èkìtì ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí àwọn sójà kọ́kọ́ gbé ìjọba fún àwọn alágbádá, ilé ẹ̀kọ́ ń hù l'Ékòó bí olú, wọ́n sì ń wá tíṣà kiri. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé l'Ónígbòǹgbò ránṣẹ́ pé kí n máa bọ̀. Mo dé, wọ́n gbà mí. Owó oṣù ń wá, ó sì ń pẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ síbẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ wa wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan l'Ágége. Ògiri kan péré ló wà láàárín wa. Láràárọ̀ ni òórùn ṣúgà ń gba ojú fèrèsé wọlé, fèrè ilé iṣẹ́ náà á sì dún nígbà tí àwọn kan bá ń wọṣẹ́ tí àwọn kan bá ń jáde. Ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ni à ń kọ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá ṣiṣẹ́ òru mọ́jú, òun ló tọ́jú àbúrò, òun ló wẹ̀ fún un, kò sì sùn dáadáa. Nígbà tí ó bá fi máa dé kíláàsì, ojú rẹ̀ á ti pọ́n, inú rẹ̀ á máa ru, ẹni tó bá ṣèèṣì fọwọ́ kan pẹ́ńsù rẹ̀ ti dá ogun sílẹ̀.

Ọ̀gá àgbà wa ni Ìyáàfin Ajíbádé. A máa ń pè é ní Mààmí. Obìnrin kúkúrú ni, bàtà ọkùnrin ló máa ń wọ̀, kì í sì í pariwo. Àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yòókù máa ń dúró lẹ́nu géètì láti mú ọmọ tó bá pẹ́. Mààmí náà máa ń dúró lẹ́nu géètì, ṣùgbọ́n ojú àwa tíṣà ló ń wò. Lọ́jọ́ kan, èmi àti ìyàwó onílé mi ti fa ọ̀rọ̀ lórí okùn ìsáṣọ kí n tó kúrò nílé. Mo kúnlẹ̀ kí Mààmí.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀. Ta lo bá jà?"

"N ò bá ẹnì kankan jà, mà. Ìyàwó onílé wa ni—"

"N ò ní kí o rojọ́. Lọ bọ́jú nídìí ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn. Bí ojú rẹ bá ti wálẹ̀, kí o wọlé. Bí kò bá wálẹ̀, jókòó síbẹ̀ títí a ó fi jáde ilé ìwé."

Ẹ̀rọ omi kan ló wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé iṣẹ́ bísíkíìtì. Omi rẹ̀ tutù nini. Gbogbo ọmọ ilé ìwé ló mọ̀ pé tíṣà tó bá ń lọ sídìí ẹ̀rọ láàárọ̀, ojú rẹ̀ kò tíì wálẹ̀ ni, wọ́n á sì máa yọ́ rẹ́rìn-ín. Ìtìjú yẹn le ju kí wọ́n yọ nínú owó ẹni lọ. Lóṣù kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ. Tíṣà ìṣirò lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, ṣùgbọ́n oníjà èèyàn lòun.

Bí àwọn ọmọ bá ti eré ìsinmi dé, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí òkúta ṣì wà lọ́wọ́ wọn, tí èébú ṣì wà lẹ́nu wọn, Mààmí kò gbà kí a kọ́ wọn ní ohunkóhun. Gbólóhùn kan la ó sọ: "Ẹ gbórí lé tábìlì." Wọ́n á ká apá jọ, wọ́n á gbé orí lé e, wọ́n á dijú. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí èémí gbogbo wọn á fi rọlẹ̀. Mo mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ tiyín náà ṣe é rí. Níbi púpọ̀, ìyà ni wọ́n ń fi jẹ ọmọ. Lọ́dọ̀ Mààmí, ó dà bí omi mímu, gbogbo ara ló nílò rẹ̀.

Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo débẹ̀, àwọn ọmọ gbórí lé tábìlì, èmi mú pàṣán, mo ń rìn káàkiri àárín wọn, mo ń wá ẹni tó máa gbójú sókè. Mààmí yọ́ wọlé.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń ṣọ́ wọn, mà."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ara tìẹ ti balẹ̀? Jókòó. Gbórí lé tábìlì."

Níwájú ọmọ márùndínláàádọ́ta, èmi ẹni tó ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, mo gbórí lé tábìlì. Ọmọ kan fi imú rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ògiri, ó ń kùn bọ̀ọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti wà níbẹ̀, n ò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí mo fi máa gbórí sókè, Mààmí ti lọ, ó sì ti mú pàṣán mi lọ. Kò dá a padà dòní.

Bí ọdún ti ń lọ, ó wọ̀ mí lára. Àwọn sójà tún padà wá, Mààmí fẹ̀yìntì, ó padà sí ìlú rẹ̀, èmi ń bá a lọ. Àwọn ọmọ sọ mí ní Àǹtí Gbórílé. Mo ti rí ọmọ tó fẹ́ fi kọ́ńpáàsì gún ẹnìkejì rẹ̀ tó jí lórí tábìlì tó ní kí onítọ̀hún má bínú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí mo fi máa fẹ̀yìntì, mo rò pé mo ti mọ iṣẹ́ náà tán.

Nígbà náà, àwọn sójà ti tún lọ, àwọn alágbádá ti tún dé, kọ̀ǹpútà sì ti gba Ìkẹjà kan. Ẹ̀yin fóònù wà lápò yín lónìí. Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ rí íńtánẹ́ẹ̀tì á lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń tà á. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Káyọ̀dé, tó ti lọ sókè òkun tó padà, ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan sí òpópónà kan ní Ìkẹjà: kọ̀ǹpútà méjìlá, ìlà méjì, mẹ́fà ní ìlà kan. Ilé ìwé kan l'ókè òkun ló ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ á kà á, á dáhùn ìbéèrè, bí ó bá parí, á ṣe ìdánwò, aago á sì máa ka ìṣẹ́jú sílẹ̀ ní igun ojú kọ̀ǹpútà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ láti Ìkẹjà títí dé Agége ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí kí wọ́n lè kúrò nídìí ẹ̀rọ.

Ọ̀gá Káyọ̀dé wá mi wá, Mọ̀mí ló sì ń pè mí. "Mọ̀mí, ẹ ò ní kọ́ wọn ní nǹkan kan o. Ẹ kàn máa wò wọ́n." Mo ní wíwò kọ́ ló máa nira fún mi.

Iṣẹ́ náà yàtọ̀. Nínú kíláàsì, ọmọ tí inú bá ń bí á lu ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo ayé á rí i. Níwájú kọ̀ǹpútà, àgbàlagbà á jókòó jẹ́ẹ́, á máa bínú sí dígí. Íńtánẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn ń falẹ̀. Kí ojú ìwé kan tó ṣí, o lè bó ẹ̀pà jẹ. Mo ní láti kọ́ àmì tuntun: ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì, eyín tó ń há pọ̀, ọwọ́ tó di máòsì mú bí ẹni di ọrùn adìẹ mú.

Iná sì ń ṣe bí iná ti ń ṣe. Láàárọ̀ kan, wọ́n lè mú un lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Bátìrì kékeré kan á fún wa láàyè láti tọ́jú iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ á sì kú. Wọ́n á pariwo papọ̀: "Háà! Wọ́n ti mú un!" Wọ́n á dìde, wọ́n á na ẹ̀yìn, wọ́n á bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Bí iná bá dé, èmi á ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbórí lé tábìlì kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Wọ́n á kùn, wọ́n á sì ṣe é. Mo ń yin ara mi. N ò mọ̀ pé àwọn oníná ló ń bá mi ṣe ìlàjì iṣẹ́ náà.

Sìkírá wà nínú wọn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ìyá ọmọ méjì, ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń di bísíkíìtì sínú páálí, ní ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ògiri ilé ẹ̀kọ́ mi àtijọ́ náà gan-an. Ẹ̀yìn ti ń ro ó. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn máa yan súpáfáísọ̀ láàárín àwọn obìnrin tó bá ní ìwé ẹ̀rí, kó tó di ìparí ọdún. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ilé ìwé òkè òkun gbà kí èèyàn ṣe ìdánwò náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Sìkírá jókòó sí i, wọ́n mú iná, bátìrì kú, wọ́n sì kà á sí i pé ó kùnà. Ó bẹ Ọ̀gá Káyọ̀dé tomijé-tomijé pé kó wá nǹkan ṣe sọ́rọ̀ iná.

Ọ̀gá Káyọ̀dé ra jẹnẹrétọ̀ ńlá kan. Ó pe gbogbo wa jáde, ó tàn án. "Láti òní lọ, iná ò ní kú mọ́ níbí!" A pàtẹ́wọ́. Sìkírá kúnlẹ̀ dúpẹ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, mo tilẹ̀ jó díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ẹnì kankan kò dìde mọ́. Wọ́n á jókòó láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago méjì ọ̀sán. Bí mo bá ní, "Ẹ gbórí lé tábìlì," wọ́n á ní, "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, iná wà!" Ọ̀rọ̀ yẹn sì máa ń pa mí lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀: l'Ékòó, ta ló máa rí iná tó máa fi í sílẹ̀? Bí iná bá dé, kíá la ó lọṣọ, kíá la ó fa omi sókè, kí wọ́n tó mú un lọ. Jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀ tí kò ní kú, síbẹ̀ ara wa ṣì ń sáré bí ẹni pé ó fẹ́ kú. Èmi pe ìyẹn ní aápọn.

Ọjọ́ ìdánwò kejì, Sìkírá ti iṣẹ́ òru bọ̀ tààrà. Ó fi wákàtí mẹ́ta ka àtúnkà kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rí i. Mo rìn lọ bá a kó tó tẹ ìbẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, mo ní, "Múra sí i, ó kù díẹ̀."

Ní àárín ìdánwò náà, ojú ìwé dúró, kò lọ, kò bọ̀. Aago ń ka ìṣẹ́jú lọ ní tirẹ̀. Sìkírá tẹ bọ́tìnì, ó tún un tẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń gún ata. Lójijì ló fò dìde, ó kígbe, "Ẹ̀rọ burúkú!" ó sì fa wáyà tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà rẹ̀ tu. Mọ́nítọ̀, ojú kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn, tóbi bí àpótí. Ó bá wáyà wá, ó já sílẹ̀, ó fọ́ gbàù. Wáyà náà ló sì gbé iná fún gbogbo ìlà yẹn. Àwọn márùn-ún yòókù tó ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́, tiwọn náà kú. Ọkùnrin kan gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí, mo bọ́ sí àárín wọn. Sìkírá jókòó sílẹ̀ láàárín dígí fífọ́.

"Mọ̀mí, mi ò mọ̀gbà tí mo ṣe é. Wallahi, mi ò mọ̀gbà tí mo ṣe é."

Ìbínú ò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Mo rí orí tó ń wọ́, mo ní kó múra sí i. N kì í sábà sunkún, mo sun ún lọ́jọ́ náà, ojú sì tì mí débi pé n kò fẹ́ kí ẹnì kankan mọ̀.

Ọ̀gá Káyọ̀dé ní Sìkírá kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́. Kò sì sí ibòmíì tó ti lè ṣe ìdánwò náà nítòsí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ọ̀gá, jẹnẹrétọ̀ yín ló fà á."

"Mọ̀mí, ẹ má bí mi nínú o."

"Nígbà tí wọ́n ń mú iná, ṣé ẹnì kan fọ́ nǹkan rí? Ó yẹ kí iná máa kú díẹ̀díẹ̀ níbí."

"Kí n ra jẹnẹrétọ̀ tán, kí n wá máa fọwọ́ ara mi mú iná?"

"Ẹ má fọwọ́ kàn án. Èmi ni kí ẹ fún ní iṣẹ́ àwọn oníná."

Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ fún Sìkírá. Mo ní mo dúró fún un: bí ó bá tún ba ohunkóhun jẹ́, èmi àti òun la jọ máa lọ. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ o."

Bí mo ṣe di oníná nìyẹn. Ní ogójì ìṣẹ́jú sí ogójì ìṣẹ́jú, màá rìn gba iwájú wọn, màá tẹ bọ́tìnì mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń kú, iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ láìséwu. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ó ti ṣókùnkùn, gbogbo wọn pariwo láìrò ó: "Háà! Wọ́n ti mú un!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n gbórí lé tábìlì, bàbá onírùngbọ̀n àti ìyá ọlọ́mọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá wálẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀rọ omi wà lẹ́yìn ilé. Èmi á dúró, màá máa wò wọ́n, nítorí ohun tí wọ́n gbà mí fún nìyẹn.

Sìkírá ló ń lọ sídìí omi jù. Màá bá a níbẹ̀.

"Ṣé ojú ti wálẹ̀?"

"Ó kù díẹ̀, mà."

"Bù sí i."

Kí ìdánwò kẹta tó dé, mo sọ fún un pé, "Èmi ò lè bá ẹ pa ti ìdánwò. Aago yẹn kì í dúró de ẹnì kankan. Ìwọ fúnra rẹ lo máa mọ ìgbà tó yẹ."

Ọjọ́ pé. Ilé iṣẹ́ máa yan àwọn súpáfáísọ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Sìkírá jókòó, Ọ̀gá Káyọ̀dé dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bu èékánná jẹ. Ní bí ìdajì ìdánwò, ojú ìwé tún dúró. Ẹsẹ̀ Sìkírá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó gbéra, tó ń lọ sí ara mọ́nítọ̀. Ọ̀gá Káyọ̀dé fa èémí sínú. Ọwọ́ náà kò dé ibi wáyà. Iwájú ló dúró sí, ó tẹ bọ́tìnì, ojú mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn. Aago ṣì ń ka ìṣẹ́jú lọ nínú òkùnkùn yẹn, kò sẹ́ni tó lè rí i. Sìkírá ká apá jọ, ó gbórí lé tábìlì.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó pẹ́ lójú mi. Nígbà tó gbórí sókè, kò tan nǹkan kan, ó dìde, ó gba ẹ̀yìn jáde.

Ọ̀gá Káyọ̀dé sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Mọ̀mí, àkókò ń lọ! Ẹ lọ pè é wọlé!"

Mo ti dìde kó tó sọ ọ́. Mo ti gbé ẹsẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ tèmi gan-an ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ lọ sọ fún un ti wà lẹ́nu mi: múra sí i, ó kù díẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí obìnrin kúkúrú kan tó wọ bàtà ọkùnrin. Ta ló sọ fún ẹ pé ara tìẹ ti balẹ̀?

Mo padà sídìí tábìlì mi. Mo jókòó. Mo gbórí lé e, mo dijú.

Jẹnẹrétọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn lẹ́yìn ilé. Ó dákẹ́, ó tún ṣàn. Ó ń bù sí i. Mo gbọ́ sílípáàsì tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, mo gbọ́ bọ́tìnì mọ́nítọ̀, mo sì gbọ́ ìka tó ń tẹ lẹ́tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láìkánjú; ojú ìwé náà ti ṣí nìyẹn. N ò gbójú sókè.

Ìgbe ló jí gbogbo ilé. "Mọ̀mí! Mo páàsì! Mọ̀mí!" Omi ṣì ń kán láti àgbọ̀n Sìkírá sórí tábìlì, ó ń fò, àwọn tí ìdánwò wọn bàjẹ́ lọ́jọ́sí náà ń bá a fò. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, orúkọ rẹ̀ jáde láàárín àwọn súpáfáísọ̀.

Ọ̀gá Káyọ̀dé wá bá mi nídìí tábìlì, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ojú. "Mọ̀mí, ìgbà tí nǹkan le jù lọ yẹn, ẹ wá ń sùn!"

"N ò sùn, ọ̀gá," ni mo dá a lóhùn. "Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."